Kí Ẹ Tó Sọdá Òkun: Bí Mo Ṣe Tọ Ipasẹ̀ Àwọn Ará Skọ́tlándì Tó Tẹ̀dó sí Nova Scotia

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọmọbìnrin mi nígbà tó bi mí ní ìbéèrè tí n kò lè dáhùn. Ó mọ̀ pé ọmọ Ìkòyí ni mí, torí gbogbo ọjọ́ Àìkú ni màmá mi máa ń kì í lórí fóònù láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó wá ní, "Mọ́mì, oríkì ti Dádì ńkọ́?" Ọmọ Nova Scotia, ní ìlà oòrùn Kánádà, ni bàbá rẹ̀, MacLeod sì ni orúkọ ìdílé wọn. Gbogbo ohun tí òun náà mọ̀ kò ju pé Skọ́tlándì ni wọ́n ti wá. Ìyẹn kò tó ohun tí èèyàn ń fi ki ọmọ. Ọdún mẹ́rin ni mo fi wá ìdáhùn. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ará ibẹ̀, tàbí tí ẹ ń tọ́jú àgbàlagbà kan tó fẹ́ mọ orírun rẹ̀ kó tó kú, ẹ̀yin ni mò ń kọ èyí fún.

Ẹ má sáré lọ sí Skọ́tlándì. Èmi sáré lọ. Mo tẹ orúkọ náà sórí kọ̀ǹpútà, mo rí ìtàn ìdílé kan tí ẹnìkan ti tò sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó gùn títí dé ọ̀dọ̀ ìjòyè kan ní erékùṣù Skye. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo gbé e lọ fún ìyá ọkọ mi. Màmá kà á tán, wọ́n ní, "Àwọn èèyàn wa ò gbé Skye rí." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Orúkọ ló jọra, ẹni tó tò ó kò sì ní ìwé kankan tó fi gbè é lẹ́sẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ra pẹ́ńsùlù: pẹ́ńsùlù ni mo fi ń kọ ohunkóhun tí mo bá gbọ́, ó di ìgbà tí ohun méjì tí kò mọ ara wọn rí bá sọ̀rọ̀ kan náà kí n tó fi bírò tẹ̀ ẹ́. Orúkọ párísì, ìyẹn àgbègbè tí ṣọ́ọ̀ṣì kan ń bójú tó, ni kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí ilẹ̀kùn Skọ́tlándì, ẹ̀gbẹ́ ìhín òkun, ní Kánádà, lẹ ti máa rí i.

Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Màmá gbé Bíbélì kan ní Gaelic, èdè àtijọ́ àwọn ará Skọ́tlándì, sílẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ṣí i sáàárín Málákì àti Mátíù. Ibẹ̀ làwọn ará àtijọ́ máa ń kọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sí. Tàdáwà ọ̀hún ti pọ́n bí irin tó dípẹtà. Ọmọ mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, méjì nínú wọn ń jẹ́ orúkọ kan náà. Mo rò pé àṣìṣe ni, àfi ìgbà tí mo rí ìlà tín-ín-rín tí wọ́n fà sábẹ́ èyí àkọ́kọ́: ó ti kú, wọ́n sì ti fi orúkọ rẹ̀ sọ èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya fọ́tò irú ewé bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá rí i.

Ẹ má bi àgbàlagbà pé "níbo lẹ ti wá?" Ẹ bi wọ́n pé ta ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ wọ́n, ibo ni wọ́n ń sin àwọn èèyàn wọn sí, kí ni aládùúgbò ń pe bàbá wọn. Orúkọ kan náà pọ̀ jù láàárín wọn, nítorí náà bí ẹni tí ń ka ìlà ìdílé ni wọ́n ṣe ń pe èèyàn: ọmọ Iain, ọmọ Alasdair, ọmọ Ruairidh. Sloinneadh ni wọ́n ń pè é. Ní Cape Breton, erékùṣù kan ní Nova Scotia, bàbá arúgbó kan tẹ̀ síwájú ọmọ mi, ó ní, "Cò leis thu?" Ọkọ mi túmọ̀ rẹ̀: "Ọmọ ta ni ọ́?" Ara mi bù máṣọ. Ìbéèrè tí màmá màmá mi máa ń bi gbogbo ọmọ tó bá gba iwájú ilé wa kọjá nìyẹn.

Lẹ́yìn àwọn àgbà, ó kan ìwé. Nova Scotia Archives tó wà ní Halifax ti gbé ìwé ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ sì ni kíkà rẹ̀. Àmọ́ ẹ fi èyí sọ́kàn: 1864 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìbí àti ikú sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n dá a dúró ní 1877, ó di 1908 kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀. Ti ìgbéyàwó nìkan ni kò dáwọ́ dúró. Bí ẹ kò bá rí ẹni tí wọ́n bí ní 1890, ẹ má sọkún; inú ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ wò. Ìwé ìkànìyàn Kánádà náà kò gba owó. Ti 1901 dára púpọ̀, torí ó béèrè ọjọ́ ìbí gan-an àti ọdún tí àlejò wọ Kánádà.

Itẹ́ òkú ló fún èmi ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ lọ ní àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oòrùn bá wà nílẹ̀, torí lọ́sàn-án gangan òkúta yóò dà bí ẹni pé wọn kò kọ nǹkan kan sí i. Omi lásán ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ má lo búrọ́ọ̀ṣì onírin tàbí kẹ́míkà. Ní ẹ̀bá Pictou, ìlú kan ní Nova Scotia, a kúnlẹ̀ síwájú òkúta kan tí èéhù ti bò. Ọmọ mi tan tọ́ọ̀ṣì fóònù láti ẹ̀gbẹ́, òjìji bọ́ sínú àwọn lẹ́tà náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan: Assynt, Sutherland, N.B. Ọkọ mi ní New Brunswick ni N.B., ìpínlẹ̀ tó wà nítòsí wa. Rárá o. Nígbà yẹn, North Britain ni, ìyẹn Skọ́tlándì; Assynt ni párísì náà, ní àgbègbè Sutherland. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ti tìtorí lẹ́tà méjì yẹn ṣìnà. Ẹ wo òkúta àwọn obìnrin pẹ̀lú, torí obìnrin Skọ́tlándì sábà máa ń gbé orúkọ ìdílé bàbá rẹ̀ wọ ibojì.

Orúkọ fúnra rẹ̀ máa ń yí padà. MacLeod lè jẹ́ McLeod, M'Leod tàbí McCloud, bí etí akọ̀wé bá ṣe gbọ́ ọ. Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Oighrig nílé lè di Effie lórí òkúta, kó di Euphemia lọ́dọ̀ àwọn aṣèkànìyàn, kó tún di Henrietta níbòmíì. Àmọ́ àṣà kan wà tó ń gbani: ọ̀pọ̀ ń fi orúkọ bàbá ọkọ sọ àkọ́bí ọkùnrin, orúkọ bàbá ìyàwó sì ni èkejì ń jẹ́. Ní ti àwọn obìnrin, ìyá ìyàwó ló kọ́kọ́ ń ní, kó tó kan ìyá ọkọ. Ìdí nìyí tí mo fi ka àwọn ọmọ inú Bíbélì yẹn bí ẹni ń ka Babátúndé àti Yétúndé.

Gbogbo èèyàn ló fẹ́ mọ ọkọ̀ tó gbé baba ńlá wọn wá, Hector ni wọ́n sì sábà máa ń dárúkọ. Ó gbéra ní Loch Broom ní Skọ́tlándì ní oṣù keje ọdún 1773, ó gúnlẹ̀ sí Pictou, lórí ilẹ̀ àwọn Mi'kmaq tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án. Èrò inú rẹ̀ tó 189; olóde àti ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ pa ọmọdé 18 lójú omi. Láti inú ìrántí ni wọ́n ti kọ orúkọ àwọn èrò náà, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ìwé èrò ọkọ̀ tí Kánádà tọ́jú bẹ̀rẹ̀ ní 1865 fún Quebec, 1881 fún Halifax. Fún àwọn tó ṣáájú, ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí ọkọ̀. Ìwé tí wọ́n fi tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba sàn ju ìyẹn lọ: ti Cape Breton, láti 1787 sí 1843, sábà máa ń sọ ibi tí èèyàn ti wá àti iye ọmọ tó ní.

Ẹ tún rántí pé wọ́n ń jọ ṣí ni. Ní Sutherland, àwọn onílẹ̀ ń lé àwọn àgbẹ̀ kúrò kí àgùntàn lè jẹko. Ní 1817, oníwàásù kan láti Assynt, Norman McLeod, wá sí Pictou. Àwọn èèyàn rẹ̀ bá a lọ sí St. Ann's ní Cape Breton, nígbà tó sì di 1851, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ sí Australia, wọ́n sì gba ibẹ̀ dé Waipu ní New Zealand. Bí ìdílé yín bá pòórá ní Cape Breton láàárín ọdún 1850 sí 1860, ẹ wo Waipu.

Nígbà tí Assynt ti wà lọ́wọ́ mi, mo wá sọdá. ScotlandsPeople ni ìkànnì ìjọba Skọ́tlándì; wíwá orúkọ jẹ́ ọ̀fẹ́, àmọ́ pọ́n-ùn kan ààbọ̀ ni mo san nígbà yẹn láti wo ojú ìwé kan. Ìwé párísì àtijọ́ parí ní 1854, ó sì ní ihò púpọ̀ ní apá àríwá tí Assynt wà. Ọgbọ́n tó ràn mí lọ́wọ́ nìyí: ẹ wá ẹni tí kò wọkọ̀. Láti 1855, ìwé ikú Skọ́tlándì ń dárúkọ bàbá àti ìyá olóògbé, pẹ̀lú orúkọ ìdílé tí wọ́n ti bí ìyá náà. Màmá ti máa ń sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó kọ̀ láti bá àwọn àbúrò rẹ̀ lọ. Mo wá ìwé ikú rẹ̀ ní Assynt, mo san owó, mo ṣí i, òbí méjèèjì wà níbẹ̀.

Orúkọ bàbá bá ti àkọ́bí ọkùnrin inú Bíbélì mu. Mo fi bírò kọ ọ́. Orúkọ àbísọ ìyá bá ti ọmọbìnrin kejì mu, mo tún fi bírò kọ ọ́. Ọmọ mi ti ń ka sloinneadh rẹ̀ báyìí láìwo ìwé, ìran méje, Màmá sì ń tún ohùn rẹ̀ ṣe. Àmọ́ orúkọ ìdílé tí wọ́n ti bí ìyá yẹn, ìwé ikú ọmọ rẹ̀ nìkan ló tíì sọ ọ́ fún mi. Pẹ́ńsùlù ni mo fi kọ ọ́.