Kí a tó ní màmá kò lè dá gbé mọ́
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa ní Àkúrẹ́. Ẹ má fi ìbẹ̀wò ọjọ́ Àìkú nìkan pinnu pé màmá ti nílò ilé ìtọ́jú arúgbó. Àgbà máa ń tiraka níwájú àlejò. Ẹ sùn tì wọ́n lọ́jọ́ mélòó kan. Ṣé wọ́n ń dá wẹ̀, dá múra, dá jẹun, dá lọ sí ilé ìyàgbẹ́? Ẹ ní kí wọ́n dìde lórí àga, kí wọ́n rin mítà 3, kí wọ́n padà wá jókòó. Bó bá tó ìṣẹ́jú àáyá 12, ewu ìṣubú wà. Bí ọpọlọ wọn bá sì ṣàdédé dàrú, ẹ jọ̀ọ́, dókítà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí: àìmu omi tó, àkóràn tàbí oògùn lè fà á, ó sì ṣeé wò.