Bí a ṣe ń tún ilé abúlé ṣe kí ẹni tó ń lo àga onítáyà lè máa dá jáde, kó sì máa dá wọlé

Lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu màmá wa, ọdún kan àtààbọ̀ ni wọ́n fi jókòó sójú kan ní pálọ̀, lórí àga onítáyà tó dára. Kẹ̀kẹ́ náà kò ní àbùkù kankan. Ilé ló ní àbùkù. Àtẹ̀gùn 3 ló wà níwájú ilé, iyanrìn ló kún àgbàlá, ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ sì fún pinpin. Bí wọ́n bá fẹ́ jáde, àfi kí ọkùnrin mẹ́ta gbé wọn. Wọn kì í sì í pe ẹnikẹ́ni. "Mi ò fẹ́ da ẹnikẹ́ni láàmú" ni wọ́n máa ń sọ, wọn á wá yíjú sí fèrèsé.

Abúlé wa kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, ilé àtijọ́ tí bàbá wa kọ́ sì ni ilé náà. Ohun tí a kọ́ nígbà tí a ń tún un ṣe, títí kan owó tí a fi ṣòfò, ni mo kọ síbí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi ń yẹ iṣẹ́ wò: ṣé màmá lè dé ibẹ̀ láì pe ẹnikẹ́ni? Bí wọ́n bá ṣì ní láti pe èèyàn, iṣẹ́ kò tíì parí, bó ti wù kí ọ̀dà ara rẹ̀ máa dán tó.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ lé ẹni náà fún odidi ọjọ́ kan

Ẹ má tíì ra sìmẹ́ǹtì. Ẹ mú téèpù àti ìwé, kí ẹ wà lẹ́yìn rẹ̀ láti ìgbà tó bá jí títí di ìgbà tó bá sùn. Ẹ kọ gbogbo ibi tí kẹ̀kẹ́ ti há, ibi tí ọwọ́ kò ti tó nǹkan, àti ibi tó ti ní kí ẹnìkan ran òun lọ́wọ́. Kí ẹ tún bi í pé: "Ibo lẹ fẹ́ máa lọ?" Àwa ti rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni màmá máa kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n dárúkọ, níbi tí wọ́n ti máa ń gbin ewédú àti ata tẹ́lẹ̀. Ká ní a ò béèrè ni, ọ̀nà tó lọ sí ẹ̀yìnkùlé ni à bá fi ṣe ìkẹyìn.

Lẹ́yìn náà, kí ẹni náà jókòó sínú kẹ̀kẹ́, kó di táyà mú bí ìgbà tó ń wà á, kí ẹ wá wọn ìbú rẹ̀ láti ìgúnpá kan sí èkejì. Kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 60 sí 70 sẹ̀ǹtímítà, àmọ́ ọwọ́ náà fẹ́ àyè. Ẹ wọn gíga ìjókòó kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, gíga orúnkún, àti ibi tí ọwọ́ lè nà dé. Èédú ni a fi kọ iye wọ̀nyí sára ògiri ìta, kí oníṣẹ́ kankan má baà sọ pé òun gbàgbé.

Ẹnu ọ̀nà: ibi tí a ti ṣe àṣìṣe tó wọ́n jù

Bíríkìlà tí a kọ́kọ́ pè wo àtẹ̀gùn náà, ó da kọ́ńkéré lé e, ó sì fi ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kò gùn ju mítà 1 ààbọ̀ lọ. Ojú iṣẹ́ dán, a yìn ín, a sanwó. Nígbà tí màmá gbìyànjú láti gun orí rẹ̀, iwájú kẹ̀kẹ́ gbé sókè, ó sì fẹ́ dà wọ́n sẹ́yìn. Àbúrò mi ló sáré gbá ẹ̀yìn rẹ̀ mú. Láti ọjọ́ náà, ìbẹ̀rù wọ̀ wọ́n lára, ó sì tó oṣù méjì kí wọ́n tó gbà láti tún gbìyànjú.

Òfin rẹ̀ rọrùn: fún sẹ̀ǹtímítà 1 tí ẹnu ọ̀nà bá fi ga ju ilẹ̀ lọ, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gbọ́dọ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12. Àtẹ̀gùn wa 3 ga ní sẹ̀ǹtímítà 45. Ìsọdipúpọ̀ 45 pẹ̀lú 12 jẹ́ 540, ìyẹn mítà 5 àti 40 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ lè lo rọ́bà tí wọ́n rọ omi sí, èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń mọ ojú ilẹ̀ tó bára dọ́gba, láti mọ bí ẹnu ọ̀nà ṣe ga tó gan-an. Ojú lásán máa ń tan èèyàn jẹ. Kí ẹ sì yẹ ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wò kí ẹ tó pinnu. Bí èyí tó wà lẹ́yìn bá ga ní 20 sẹ̀ǹtímítà péré, mítà 2 àti 40 sẹ̀ǹtímítà ti tó.

Iwájú ilé wa kò gba mítà 5 àti ààbọ̀ lọ gbọọrọ. A fọ́ ti àkọ́kọ́, a sì gbé tuntun gba ẹ̀gbẹ́ ògiri: mítà 2 àti 70 sẹ̀ǹtímítà, lẹ́yìn náà ibi pẹrẹsẹ tó fẹ̀ ní mítà 1 ààbọ̀ ní gbogbo ọ̀nà, níbi tí kẹ̀kẹ́ ti lè yí tí màmá sì lè sinmi, kó tó wá tẹ̀ síwájú fún mítà 2 àti 70 yòókù. Irú ibi pẹrẹsẹ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn náà, nítorí pé èèyàn ò lè máa ṣí ilẹ̀kùn kó tún máa di táyà mú kó má baà yí padà sẹ́yìn.

Ìbú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà kó tó 120 sẹ̀ǹtímítà. Kí wọ́n mọ etí rẹ̀ sókè ní 10 sẹ̀ǹtímítà lọ́tùn-ún àti lósì kí táyà má baà já bọ́, kí wọ́n sì ri irin ìdìmú mọ́ ọn ní gíga bíi 90. Inú rẹ̀, ẹ fi yangí kún un ní ìpele ìpele, kí ẹ máa wọ́n omi sí i, kí ẹ sì gún un mọ́lẹ̀ dáadáa kí ẹ tó da kọ́ńkéré lé e: páànù sìmẹ́ǹtì 1, ti iyanrìn 2, ti òkúta wẹ́wẹ́ 4.

Ohun kan tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má gbójú fò: ẹ má jẹ́ kí bíríkìlà dán ojú rẹ̀. Ìgbéraga iṣẹ́ wọn ni kí ilẹ̀ máa kọ mànà, ṣùgbọ́n bí òjò bá pa á, yóò máa yọ̀ bí ilá. Nígbà tí kọ́ńkéré ṣì tutù díẹ̀, mo mú ìgbálẹ̀ ọwọ̀, mo sì fà á láti etí kan sí èkejì, díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo ojú rẹ̀ fi ní ilà wẹ́wẹ́. Àwọn ilà yẹn ni táyà ń dì mú. Lẹ́yìn náà a fi àpò bò ó, a sì ń bomi rin ín fún ọjọ́ 7.

Ilẹ̀kùn

Ìwọ̀n ilẹ̀kùn kọ́ ló ṣe pàtàkì, bí kò ṣe àyè tó kù nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí. Àyè náà kò gbọdọ̀ dín ní 80 sẹ̀ǹtímítà, 90 ló tiẹ̀ dára jù. Ẹ fọ́ òkè kékeré tí wọ́n mọ sí ìdí ilẹ̀kùn kí omi má baà wọlé. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù omi, ẹ gbẹ́ kòtò tóóró síta kó máa gba ibẹ̀ lọ, kí ẹ sì fi irin oníhò wẹ́wẹ́ bò ó. Bí ó bá ku sẹ̀ǹtímítà díẹ̀, ẹ yọ ilẹ̀kùn kúrò kí ẹ ta kọ́tìnnì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní láti gé ògiri, pàápàá ògiri alámọ̀, ẹ má gé e láì sí líńtẹ́ẹ̀lì lókè, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń gbé ògiri tó wà lórí ilẹ̀kùn ró. Mo ti rí ibi tí ògiri ti wó.

Ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀

Ibí ni ọlá èèyàn wà, ẹ má fi owó dù ú. Ilẹ̀kùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣí síta. Bí ẹni náà bá ṣubú sẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú, kò sí bí ẹ ṣe máa tètè wọlé. Kí kẹ̀kẹ́ lè yí nínú rẹ̀, àyè mítà 1 ààbọ̀ ló ń fẹ́. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ rí i pé àyè tó tó 90 sẹ̀ǹtímítà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó ìgbọ̀nsẹ̀, kó lè rá láti orí kẹ̀kẹ́ bọ́ sórí rẹ̀. Gíga ìjókòó náà kó bá ti kẹ̀kẹ́ mu, ó sábà máa ń tó 45 sí 50 sẹ̀ǹtímítà. Bí ó bá jẹ́ ṣálángá lẹ ní, ẹ lè fi búlọ́ọ̀kù àti kọ́ńkéré mọ ìjókòó lé orí ihò rẹ̀, kí ẹ sì fi ìdérí sí i.

Irin ìdìmú ni ìjàm̀bá pọ̀ sí jù. Inú búlọ́ọ̀kù tí a ń lò ní ihò. Ìṣó tí wọ́n bá kàn sínú rẹ̀ máa ń fà yọ lọ́jọ́ tí èèyàn bá gbára lé e pátápátá. Ẹ ní kí wọ́n fọ́ ojú búlọ́ọ̀kù níbi tí irin yóò dúró, kí wọ́n fi kọ́ńkéré kún ihò náà, kí wọ́n sì ri ẹsẹ̀ irin náà mọ́ inú rẹ̀. Kí ó tó di pé màmá fọwọ́ kàn án, ọkọ àǹtí mi, tó sanra jù nínú ilé, ni a ní kó rọ̀ mọ́ ọn. Àga rọ́bà lásán kò dára fún ìwẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yọ̀. Ẹ mọ pẹpẹ ìjókòó mọ́ ògiri.

Ọ̀nà inú àgbàlá

Táyà kékeré iwájú ni iyanrìn máa ń gbé mì. Ẹ kó ilẹ̀ dúdú orí ilẹ̀ kúrò tó 15 sẹ̀ǹtímítà, ní ìbú 120. Àpò sìmẹ́ǹtì 1 ni a pò mọ́ bíi bárò yangí 6, a wọ́n omi díẹ̀ sí i, a sì gún un títí ó fi le. Kọ́ńkéré dára jù ú lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà yangí yìí kò gba owó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bíi 2 sẹ̀ǹtímítà fún mítà kan, kí ẹ sì gbẹ́ ojú àgbàrá sí ẹ̀gbẹ́ náà, nítorí pé ọ̀nà tí àgbàrá bá gbà kọjá kò ní pẹ́ bàjẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kẹ̀kẹ́ tuntun fún abúlé, ẹ wá èyí tí táyà iwájú rẹ̀ tóbi tó sì fẹ̀.

Omi, oúnjẹ àti ọgbà

Gàlọ́ọ̀nù omi kò ṣeé gbé látorí kẹ̀kẹ́. A gbé dírọ́ọ̀mù lé orí búlọ́ọ̀kù, a sì fi ẹnu ẹ̀rọ sí ìdí rẹ̀ ní gíga tí ọwọ́ tó. Tábìlì ìdáná kó ga tó 80 sẹ̀ǹtímítà, kí abẹ́ rẹ̀ ṣófo kí orúnkún lè wọ̀ ọ́. Iná tó wà nílẹ̀ léwu fún ẹni tó jókòó lórí kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ tí kò mọ ìmọ̀lára lè jó kó má mọ̀. Swíìṣì iná kò gbọdọ̀ ga ju 120 lọ.

Ti ọgbà ló múnú mi dùn jù. A fi pákó ṣe àpótí gígùn, a gbé e lé ẹsẹ̀ kí orúnkún lè wọ abẹ́ rẹ̀, a sì da ilẹ̀ ẹlẹ́tù lójú sínú rẹ̀. Ìbú rẹ̀ kò ju 60 sẹ̀ǹtímítà lọ, nítorí pé ibi tí ọwọ́ màmá nà dé nìyẹn. Ní ọjọ́ kan, mo dé láì sọ tẹ́lẹ̀, mo kí títí ní pálọ̀, kò sẹ́ni tó dáhùn. Wọ́n wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń já ewédú sórí itan.

Fún ilé tí gbogbo èèyàn ń lò, bí ọ́fíìsì ìjọba tàbí ilé ìwòsàn, ẹ̀tọ́ yín ni láti béèrè. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2019 lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara, ó sì fún irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ọdún 5 láti tún ara ṣe. Ọdún 5 náà ti pé ní 2024.

Nígbà òjò, ẹ máa gbá iyanrìn tí àgbàrá bá kó sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ẹ sì máa ha ohun aláwọ̀ ewé tó máa ń yọ̀ kúrò níbẹ̀. Kí ẹ tó san ìyókù owó oníṣẹ́, ẹ jókòó sínú kẹ̀kẹ́ náà fúnra yín, kí ẹ wà á láti orí ibùsùn dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, dé ẹ̀yìnkùlé, kí ẹ sì padà. Ibikíbi tí ẹ bá ti fi ẹsẹ̀ tilẹ̀, ẹ pe oníṣẹ́ padà sí ibẹ̀.