Ẹ gbé mọ́tò sí ibùdókọ̀ rélùwéè, ẹ má wà á dé ẹnu ọgbà ìgbafẹ́
Ẹ̀yin tọkọtaya tó ń lọ ọgbà ìgbafẹ́ ńlá, ẹ gbé mọ́tò sí ibùdókọ̀ rélùwéè tó kù bí ibùdó mẹ́ta sí mẹ́rin kí ẹ dé ọgbà, kí ẹ wọ rélùwéè parí ìrìn náà. Ojú ọ̀nà kan náà ni ọ̀pọ̀ mọ́tò sábà ń gbà wọlé láàárọ̀ tí wọ́n sì ń gbà jáde nígbà tí ọgbà bá tì. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ibẹ̀ lè jẹ odidi wákàtí kan, rélùwéè kò sì ní bá wọn tò. Ẹ yan ibùdó tí rélùwéè rẹ̀ ń lọ tààrà, torí pípààrọ̀ ọkọ̀ lójú ọ̀nà ló ń ba ètò yìí jẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àtàbọ̀ ni kí ẹ rà láàárọ̀. Èrò ìdí ẹ̀rọ tíkẹ́ẹ̀tì lálẹ́ kì í ṣe kékeré. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ibi tí mọ́tò wà sórí fóònù ẹ̀yin méjèèjì, nítorí bátìrì fóònù kan lè kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Àmọ́ tí rélùwéè ìkẹyìn bá ń lọ kí ọgbà tó tì, tàbí tí wọ́n bá ń ti géètì ibi ìgbọ́kọ̀sí lóru, ẹ kúkú wa mọ́tò yín dé ibẹ̀.