Àgbò Méjì, Koto Kan: Bí Mo Ṣe So Ráútà Mọ́ Módẹ́ẹ̀mù Nílé Wa

Yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà lókè, lẹ́yìn ilé pátápátá. Íntánẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀ ń gba ìsàlẹ̀ wọlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn pálọ̀. Ohun tó wà láàárín àwa méjèèjì ni ògiri búlọ́ọ̀kù oníínṣì mẹ́sàn-án méjì, àti dẹ́kìn tí wọ́n kó irin sí nínú bí ẹni ń kọ́ afárá. Bí mo bá ń bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀ lórí fídíò, ojú wọn á kàn dúró gbagidi, ẹnu á wà ní yíyà, èmi á sì máa pariwo, "Ṣé ẹ ń gbọ́ mi, mà?" títí Màmá á fi dáhùn láti yàrá tiwọn pé àwọn ń gbọ́.

Nígbà tí fáíbà dé àdúgbò wa ní Ìbàdàn, ilé-iṣẹ́ tó fà á wọlé fún wa kan àpótí funfun kékeré kan mọ́ ògiri. Òun ni gbogbo ilé ń pè ní "Wi-Fi". Àṣé iṣẹ́ méjì ló ń ṣe pọ̀. Iṣẹ́ módẹ́ẹ̀mù ni èkíní: ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú okùn fáíbà wá, òun ló ń sọ ìmọ́lẹ̀ náà di ohun tí kọ̀ǹpútà gbọ́. Àwọn oníṣẹ́ fáíbà máa ń pè é ní ONT, ṣùgbọ́n módẹ́ẹ̀mù lẹnu tèmi mọ̀. Iṣẹ́ ráútà ni èkejì: kó máa pín àdírẹ́sì, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀, fún fóònù kọ̀ọ̀kan, kó sì máa fọ́n Wi-Fi káàkiri ilé. Ó mọ iṣẹ́ àkọ́kọ́ dáadáa. Èkejì ni kò mọ̀ rárá. Nínú ìgbì tí Wi-Fi ń gbà, 2.4 GHz, èyí tó lọ́ra, nìkan ló ní, bí ẹ̀rọ tó wà lórí rẹ̀ bá sì ti lé ní mẹ́wàá, ó máa ń dákú ni, àfi ká yọ ọ́ nínú iná ká tún kì í bọ̀ ọ́.

Mo wá ní kó máa ṣe èyí tó mọ̀, kí n ra ráútà gidi fún èyí tó kù.

Ọjọ́ tí mo lọ sí Èkó ni mo yà sí Computer Village ní Ìkẹjà. Mo ra ráútà oní-áńtẹ́nà mẹ́rin kan tó ní 2.4 GHz àti 5 GHz tó yára jù ú lọ, mo sì ní kí wọ́n gé wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n ń pè ní Cat6, mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n fún mi. Ọmọkùnrin tó ń ta wáyà búra pé kọ́pà gidi ni. Mo ní kó yá mi ní bíléèdì. Mo bó orí wáyà náà, mo fi bíléèdì ha ọ̀kan nínú àwọn tó wà nínú rẹ̀. Bó bá pọ́n dé inú, kọ́pà ni; bó bá funfun, alumíníọ́mù tí wọ́n kàn fi kọ́pà pa lára ni, ó máa ń dá bí igi ìṣáná bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ nígbà mélòó kan. Funfun báláú! Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ̀ ọ́n o," ó bá wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ gbé òmíràn wá. Àwọ̀ dúdú ni mo mú, torí mo mọ̀ pé ìta ni yóò gbà, oòrùn kì í sì í jẹ́ kí awọ wáyà funfun pẹ́.

Fífa wáyà kò le. Ó gba ojú fèrèsé pálọ̀ jáde, ó bá páìpù omi òjò gòkè, ó wọlé padà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn lókè. Orí wáyà lọ̀ràn wà. Mo yá irin ìfún orí wáyà àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán an wò lọ́wọ́ ẹni tó ń so kámẹ́rà ní àdúgbò wa, mo sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

Wáyà tín-ín-rín mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, wọ́n lọ́ wọn pọ̀ ní méjì méjì. Ẹ ó tú wọn, ẹ ó fi ọwọ́ nà wọ́n, ẹ ó tò wọ́n. Ẹ di orí oníke náà mú kí àwọn irin góòlù rẹ̀ kọjú sí yín, kí ìkọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn, kí ihò tí wáyà ń gbà wọlé wà nísàlẹ̀. Láti ọwọ́ òsì: ọ̀rẹ́ńjì onífunfun, ọ̀rẹ́ńjì, gíríìnì onífunfun, búlúù, búlúù onífunfun, gíríìnì, buráùn onífunfun, buráùn. Ibi tí ọwọ́ ti ń ṣì ni àárín. Wọ́n ya gíríìnì méjèèjì nípa, búlúù méjì ló sùn sáàárín wọn. Ẹni tó bá tò wọ́n ní tọkọtaya bó ṣe rí lójú, ó ti bà á jẹ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ gé ẹnu wọn dọ́gba, ẹ tì wọ́n wọlé títí ẹ ó fi rí ẹnu mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ níwájú ike náà, kẹ́ ẹ tó fún un.

Èmi kò wo ẹnu mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Nígbà tí mo fi ẹ̀rọ dán an wò, iná 1 tàn, 2 tàn, 3 tàn, 4 ò tàn, ó bọ́ sórí 5. Búlúù kò dé ìsàlẹ̀. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé bí mo bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì lè ṣì máa lọ, torí pé 1, 2, 3 àti 6 nìkan ni wáyà ń lò fún 100 Mbps (Mbps ni wọ́n fi ń wọn bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń yára tó). Ó di 1000 Mbps kó tó nílò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. 50 Mbps là ń sanwó fún nílé wa, ǹ bá má mọ̀ láé. Ṣùgbọ́n mo ti rí i, ojú mi ò sì lè gbé e. Mo gé orí rẹ̀ sọnù, mo tún un ṣe.

Mo wá gbé ráútà sórí tábìlì kékeré lókè àtẹ̀gùn. Ihò márùn-ún ló wà lẹ́yìn rẹ̀: ọ̀kan dá àwọ̀ tirẹ̀ ní, WAN ni wọ́n kọ sí i lórí, ìyẹn ẹnu ìta tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé; mẹ́rin tó kù jẹ́ LAN, ẹnu àwọn ẹ̀rọ inú ilé. Ìmọ́lẹ̀ kò tó níbẹ̀, mo fọwọ́ wá ihò ni, mo ki wáyà tó ti ọ̀dọ̀ módẹ́ẹ̀mù wá bọ LAN.

Wi-Fi tuntun yọ jáde. Fóònù ọmọ mi ṣí YouTube, tèmi kò ṣí nǹkan kan. Ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún, tèmi ṣí, tirẹ̀ kú. Ọmọ náà ní, "Dádì, ó ń yan èèyàn." Kò parọ́. Módẹ́ẹ̀mù ń pín àdírẹ́sì, ráútà náà ń pín àdírẹ́sì, wáyà kan ló sì so wọ́n pọ̀. Fóònù tí módẹ́ẹ̀mù bá kọ́kọ́ dá lóhùn lè rọ́nà lọ. Èyí tí ráútà bá dá lóhùn, ráútà á ní kó gba ọ̀dọ̀ òun kọjá, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kò rí ọ̀nà kankan ní ojú WAN rẹ̀.

Mo yọ ọ́, mo kì í bọ WAN. Iná íntánẹ́ẹ̀tì ń pọ́n síbẹ̀. Mo pa á, mo tàn án, ó ń pọ́n. Ìgbà tí mo yí módẹ́ẹ̀mù wò lẹ́yìn ni mo tó rí bébà tí wọ́n kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sí, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn: 192.168.1.1. Mo gòkè lọ yí ráútà náà wò. 192.168.1.1! Àwọn méjèèjì ló ń jẹ́ orúkọ kan náà. Akọ àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan. Ráútà gbọdọ̀ mọ̀ pé inú ilé ni èyí, ìta ni tọ̀hún. Bí nọ́ńbà inú ilé bá wá bá ti ìta mu, kò mọ ibi tó yẹ kó kọjú sí.

Mo yọ wáyà módẹ́ẹ̀mù kúrò, mo so láptọ́ọ̀pù mọ́ ọ̀kan nínú àwọn LAN, mo ṣí 192.168.1.1 bí ẹni ń ṣí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, mo wá ibi tí wọ́n kọ LAN sí, mo yí àdírẹ́sì ráútà sí 192.168.10.1. Mo tẹ̀ ẹ́ pé kó fi í pamọ́. Ojú ìwé náà pòórá, kò padà wá mọ́. Ọkàn mi pami, mo ní mo ti pa á. Àṣé láptọ́ọ̀pù ló ṣì gbé àdírẹ́sì àtijọ́ dání. Mo yọ wáyà rẹ̀, mo ki í padà, ó gba tuntun, 192.168.10.1 ṣí. Mo da wáyà módẹ́ẹ̀mù padà sí WAN, iná di àwọ̀ ewé.

Ọ̀pọ̀ èèyàn lè dúró síbẹ̀ yẹn, kò sì sóhun tó máa ṣe wọ́n. Ó dà bí ilé tó ní mégáàdì méjì ni: ẹni tó ń jáde kò mọ̀ ọ́n lára, àlejò tó ń ti ìta bọ̀ nìkan ni wọ́n ń dá dúró lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí kò jẹ́ kí n dúró síbẹ̀ ni pé módẹ́ẹ̀mù ṣì ń dákú. Mégáàdì ìta ṣì ń ka gbogbo ẹni tó ń jáde. Mo pe ilé-iṣẹ́ náà pé kí wọ́n bá mi sọ ọ́ di bridge, ìyẹn ni pé kó má ka ẹnikẹ́ni mọ́, kó kàn jẹ́ ojú ọ̀nà. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rán ẹnì kan wá.

Ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Wi-Fi inú rẹ̀ máa kú o, tí mo bá ṣe é."

Mo ní, "Kó kú. Òun ni mò ń lé."

Kó tó kan nǹkan kan, ó kìlọ̀ fún ọmọ mi pé kó má wo ẹnu okùn fáíbà, èyí tí orí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé. Ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ kò ṣeé fojú rí, ó sì lè ba ojú jẹ́. Ó fi orúkọ àti páàsíwọ́ọ̀dù PPPoE, èyí tí ráútà fi ń wọlé sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ wọn, ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó lọ. Mo yí WAN ráútà sí PPPoE, mo tẹ̀ ẹ́ sí i. Kò gbà. Mo tún un tẹ̀. Kò gbà. Lẹ́ẹ̀kẹta mo pè é.

"L ló wà láàárín yẹn ni, bíi ti Lágbájá, àbí oókan?"

"Oókan ni, sà."

Ìdajì wákàtí lọ sórí oókan.

Ó wọlé. MTU, ìyẹn ìwọ̀n ẹrù dátà tó lè kọjá lẹ́ẹ̀kan, ti wà ní 1492 fúnra rẹ̀, mi ò fọwọ́ kàn án. Mo wá wo àdírẹ́sì tí wọ́n fún mi, 100.72 ló fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tó bá wà láàárín 100.64 sí 100.127, àdírẹ́sì tí ilé-iṣẹ́ fi ń kó ọ̀pọ̀ ilé pọ̀ sẹ́yìn ọ̀kan ni. Mégáàdì kan ṣì wà lọ́dọ̀ tiwọn, kámẹ́rà ẹnu géètì mi kò sì ní ṣeé wọ̀ tààrà láti ìta. Mo gbà fún wọn. Módẹ́ẹ̀mù ò dákú mọ́ láti ọjọ́ náà.

Orúkọ Wi-Fi àtijọ́ àti páàsíwọ́ọ̀dù rẹ̀ náà ni mo fún ráútà tuntun, gbogbo fóònù ilé sì wọlé fúnra wọn láìsí pé mo ń lọ láti yàrá dé yàrá. Páàsíwọ́ọ̀dù tí èèyàn fi ń wọ inú ráútà ni mo yí padà. Mo pa WPS, bọ́tìnì tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ wọlé láìtẹ páàsíwọ́ọ̀dù. Orí ojú ọ̀nà (channel) 6 ni gbogbo àdúgbò kó sí lórí 2.4 GHz, mo lọ sí 11. Níbi tábìlì iṣẹ́ mi tí 4 Mbps ti jẹ́ ọdún, mo rí 47.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iná. Orí ṣájà méjèèjì rí bákan náà, ṣùgbọ́n 12V ni ti módẹ́ẹ̀mù, 9V ni ti ráútà. Mo fi bírò kọ ọ́ sórí téèpù, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn lára. Mo sì ra UPS kékeré kan, bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ bí iná bá lọ, tó ní ẹnu 9V àti 12V, inú mi dùn pé ọ̀kan á gbé méjèèjì. Ìgbà tí mo gbé e dé òkè àtẹ̀gùn tí mo so ó mọ́ ráútà ni mo rántí pé ìsàlẹ̀ ni módẹ́ẹ̀mù wà.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n mú iná lọ. Màmá ké sí mi láti yàrá wọn.

"Wi-Fi kún fọ́fọ́ lójú fóònù mi, kò sì ṣí nǹkan kan."

Mo ní, "Ráútà ló wà láyé, mà. Módẹ́ẹ̀mù ló kú."

Wọ́n ní ta ni módẹ́ẹ̀mù.

Mo ti fi owó UPS kejì ránṣẹ́ sí ọmọ Ìkẹjà yẹn.