Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Orúnkún Tó Bó Títí Yóò Fi Jinná

Ọmọ ń sáré, ó ṣubú lórí títì, orúnkún bó. Ohun tó sábà máa ń sọ irú egbò kékeré bẹ́ẹ̀ di wàhálà ni ohun tí a dà lé e lórí.

Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, ẹ fi aṣọ tó mọ́ tẹ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 gbáko. Ẹ má ṣí i wò, torí ẹ̀jẹ̀ tó ti fẹ́ dì yóò tún máa ṣàn. Bí ìṣẹ́jú 20 bá pé tí kò dá, ilé ìwòsàn ló kàn.

Lẹ́yìn náà, ẹ fọ̀ ọ́, ibí ni iṣẹ́ gidi wà. Bí omi ẹ̀rọ tó mọ́ kò bá sí, ẹ mú píọ̀ wọ́tà, ẹ nu etí ọ̀rá náà, ẹ fi sísọ́ọ̀sì tó mọ́ gé igun rẹ̀ ní ihò bíńtín, kí ẹ wá máa fún un sí egbò náà. Omi náà yóò tú jáde tagbáratagbára, yóò gbá iyanrìn lọ. Ọ̀rá mẹ́ta sí mẹ́rin kò pọ̀ jù. Awọ tó yí egbò ká nìkan ni kí ọṣẹ kàn. Òkúta wẹ́wẹ́ tó bá há, ẹ fi ẹ̀mú tí ẹ ti fi sípíríìtì nù yọ ọ́; bí ẹ bá fi í sílẹ̀, awọ yóò bò ó mọ́lẹ̀, yóò sì di àmì dúdú bíi fínfín.

Sípíríìtì kò gbọdọ̀ kan ojú egbò. Yàtọ̀ sí pé ó ń ta, ó ń pa ẹran tuntun tó fẹ́ hù. Kẹrosíìnì àti ọṣẹ ìfọyín kò níṣẹ́ kankan níbẹ̀. Lúbúlúbú inú kápúsù náà burú: ó ń dì bí ẹrẹ̀, ó ń sé ìdọ̀tí mọ́ inú, ara ẹlòmíràn sì kọ̀ ọ́.

Ẹ wá fi Vaseline pa ojú rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ fi gọ́ọ̀sì bò ó. Ọ̀pọ̀ ń ní kí atẹ́gùn fẹ́ sí i kó lè gbẹ. Ní 1962, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, George Winter, dán an wò lára ẹlẹ́dẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: egbò tí a bò tó sì tutù díẹ̀ pa ojú dé ní ìwọ̀n ìlọ́po méjì yíyára èyí tó gbẹ. Awọ tuntun ń rá láti etí wá sí àárín. Bí èépá líle bá ti dì síbẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ni yóò máa wá ọ̀nà gbà.

Ẹ máa pààrọ̀ gọ́ọ̀sì lójoojúmọ́. Bó bá lẹ̀ mọ́ egbò, ẹ da omi sí i, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ẹ bá fà á ya, awọ àná ni ẹ ń fà kúrò. Ẹ má fi òwú lé e tààrà, fọ́nrán rẹ̀ máa ń há síbẹ̀.

Omi ṣíṣàn tó pọ́n díẹ̀ bí ìyeyè ní ọjọ́ kejì kì í ṣe ọyún. Ọyún ki, ó sì lè rùn. Bí kòkòrò bá wọ egbò, awọ ibẹ̀ máa ń pupa, ó sì máa ń gbóná; àmọ́ pípupa kì í hàn dáadáa lára awọ dúdú, nítorí náà ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan orúnkún méjèèjì, kí ẹ mọ èyí tó gbóná jù. Ẹ fi báírò fa ìlà yí etí wíwú náà ká. Bó bá kọjá ìlà, tàbí ibà bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Àrùn ipá (tetanus) ń gba inú erùpẹ̀ wọlé. Bí ìdọ̀tí bá wọ egbò náà, tí abẹ́rẹ́ àjẹsára ipá ti lé ní ọdún márùn-ún, tàbí kò pé, ẹ lọ gbà á láàárín ọjọ́ méjì. Egbò ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ àti ibi tí ajá bù jẹ kì í ṣe ìtọ́jú ilé rárá.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ojú rẹ̀ yóò ti dé. Bí àpá bá ń ga tó sì ń ràn kọjá ibi tí egbò wà, pàápàá bó bá wà nínú ìdílé, ẹ tètè fi han dókítà awọ kó tó le.