Bó o ṣe máa ṣàkọsílẹ̀ iṣẹ́ tó o ṣe, ìwọ obìnrin tó ka ẹnjiníà

Àbúrò mi, jọ̀ọ́ jókòó ká sọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti ka sífíì, ìyẹn ìwé tá a fi ń wáṣẹ́, ti àwọn obìnrin ẹnjiníà tó pọ̀, ohun tó máa ń dùn mí jù ni kí ẹni tó jí ẹ̀rọ tó ti dẹnu kọlẹ̀ dìde kàn kọ pé "mo wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀", ó parí. Ta ló máa mọ̀ pé ìwọ lo ṣe é?

Wá ìwé kékeré kan, tàbí kó o lo fóònù ẹ. Gbogbo ọjọ́ Friday kó o tó kúrò níbi iṣẹ́, kọ nǹkan mẹ́ta: kí ló bàjẹ́, kí lo ṣe sí i, kí ló wá yàtọ̀. Má sọ pé wàá rántí o, torí tó bá fi máa pé ọdún kan iye tó o wọ̀n á ti fò lọ lórí ẹ, bẹ́ẹ̀ iye yẹn gan-an ni àwọn tó fẹ́ gbà ẹ́ síṣẹ́ máa bi ẹ́.

Wo Beatrice Shilling, obìnrin ẹnjiníà ará Britain. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ẹ́ńjìnì Merlin tó wà nínú bàálù ogun Spitfire àti Hurricane máa ń ṣe ségesège tàbí kó kú tí awakọ̀ bá ṣàdédé dorí ẹ̀ kodò, torí epo á kọ́kọ́ wọ́n nínú kábúrétọ̀, ìyẹn ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́, lẹ́yìn náà á wá ya wọ̀ ọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Irin pẹlẹbẹ kékeré tó níhò láàárín ló ṣe, tó ń dín epo tó ń wọlé kù, ní 1941 òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé e kiri pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n ń fi í sí i láì gbé bàálù kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ṣó o rí i? Ìṣòro, iṣẹ́, èrè ẹ̀, ó ti pé.

Nínú sífíì, tìẹ náà lè rí báyìí: "Pọ́ǹpù náà máa ń kú lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, èmi ni mo rí i pé ṣáàfù ẹ̀, irin tó ń yí nínú ẹ̀, ò dọ́gba, mo tò ó, oṣù 4 rèé kò tíì kú." Èyí tẹ́ ẹ jọ ṣe, sọ pé ẹ jọ ṣe é ni, àmọ́ èyí tó jẹ́ tìẹ, "èmi ni mo" ni kó o kọ. Kì í ṣe ìgbéraga, òótọ́ ni.

Orúkọ ẹ gbọ́dọ̀ wà lórí dọ́rọ́ìn, ìyẹn àwòrán iṣẹ́, àti rípọ́ọ̀tù tó o bá ṣe. Wo Edith Clarke, ó gba máàsítà ẹnjiníà iná mànàmáná ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1919, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gbà á níbẹ̀, síbẹ̀ kò ríṣẹ́ ẹnjiníà, ìṣirò ni wọ́n ní kó máa ṣe ní iléeṣẹ́ General Electric. Ó ṣe irinṣẹ́ tó ń yanjú ìṣirò wáyà iná tó jìnnà, ó sì fi orúkọ ara ẹ̀ béèrè pátẹ́ǹtì, ìwé àṣẹ ìjọba tó ń fi hàn pé òun ló ni nǹkan tuntun tó ṣe, lórí ẹ̀ ní 1921. Ní 1922 iléeṣẹ́ yẹn kan náà gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹnjiníà, pátẹ́ǹtì sì jáde ní 1925.

Tó o bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ tọ́mọ fúngbà díẹ̀, kọ ọdún ẹ̀ sínú sífíì ẹ, má fi pa mọ́. Àṣírí iléeṣẹ́ nìkan ni kó o má gbé jáde.

Tó o bá kọ sífíì ẹ tán, fún ẹnì kan tẹ́ ẹ jọ wà níbi iṣẹ́ náà kó bá ẹ yẹ iye tó o kọ wò, kó o tó fi ránṣẹ́.