Ẹ Tọ́jú Ọ́ìlì Búréèkì Kí Ẹ Tó Ra Irin: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lára Ọkọ̀ Tó Ti Pẹ́

Owó tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tún ọkọ̀ wọn ṣe fúnra wọn ń fi ṣòfò ń ká mi lára. Másítà (pọ́ǹpù tó ń ti ọ́ìlì búréèkì) tuntun, páàdì tuntun, kálípà (irin tó ń ti páàdì) tuntun, bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì inú ike búréèkì ti dúdú kọjá àpèjúwe. Ẹ yẹ ọ́ìlì wò ná.

Èkíní, ẹ yé bù kún un ṣáá. DOT 3 àti DOT 4, oríṣi ọ́ìlì búréèkì tó wọ́pọ̀, máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, bí ìdérí tilẹ̀ dé pinpin. DOT 4 tuntun gbọ́dọ̀ lè gba ooru tó 230°C kó tó hó. Bí omi bá ti wọ̀ ọ́ dé nǹkan bíi 3.7%, ó lè hó ní 155°C péré. Ẹ máa sọ̀kalẹ̀ òkè gígùn, ọ́ìlì á hó, ẹ ó tẹ búréèkì, ẹsẹ̀ yín á kanlẹ̀, ọkọ̀ kò ní dúró. Bí ìwé ọkọ̀ yín kò bá sọ nǹkan mìíràn, ẹ pa gbogbo rẹ̀ dà ní ọdún méjì-méjì. Bó bá sì lọ sílẹ̀, ẹ yẹ páàdì wò kí ẹ tó rọ nǹkan kan sí i, torí bí páàdì ṣe ń jẹ ni ọ́ìlì ń wálẹ̀.

Èkejì ló ń bí mi nínú jù: dída ọ́ìlì mìíràn sínú ike búréèkì. Ẹnìkan gbé ọkọ̀ wá, ó ní búréèkì di táyà mú, kò tú. Mo ṣí ìdérí ike, rọ́bà abẹ́ rẹ̀ ti wú, ó ti lọ́; mo fẹ́ dá a padà, kò gba ojú ibẹ̀ mọ́. Mo ti mọ̀ kí n tó bi í. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló ṣẹ́kù sínú igo, ló bá rọ ọ́ sí i, ó ní ṣebí ọ́ìlì náà ni. Ẹ jọ̀ọ́! Ọ́ìlì tí wọ́n fi epo rọ̀bì ṣe máa ń wú rọ́bà búréèkì. Gbogbo rọ́bà tó kàn ló bàjẹ́, ti másítà, ti táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti họ́ọ̀sì. Fífọ̀ kò ràn án. Igo DOT 4 kékeré kan ni ì bá gbà á lọ́wọ́ gbogbo ìnáwó yẹn. Ọ́ìlì páwà náà kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀.

Igo ọ́ìlì búréèkì tí ẹ ti ṣí láti ọdún tó kọjá, ẹ má lò ó mọ́.

DOT 5 kì í ṣe DOT 5.1. Sílíkónì ni DOT 5, kò bá DOT 3 tàbí DOT 4 pọ̀.

Bí ẹ bá ń fa afẹ́fẹ́ jáde nínú búréèkì, ẹ má tẹ búréèkì kanlẹ̀. Nínú másítà tó ti pẹ́, ìpẹtà àti ìdọ̀tí wà níbi tí rọ́bà kì í dé lójoojúmọ́. Ibẹ̀ ni rọ́bà ti ń ya. Ẹ fi pákó há abẹ́ ibi tí ẹ ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ike gbẹ, pàápàá bí ọkọ̀ bá ní ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há bí ẹ bá tẹ búréèkì lójijì.

Rádíétọ̀: ẹ má ṣí i nígbà tó gbóná, ẹ má sì fi àwọ̀ nìkan yan kúláǹtì, omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù.

Ti jíà ọlọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ tú nọ́ọ̀tì òkè, níbi tí ẹ ó ti rọ ọ́ìlì tuntun wọlé, kí ẹ tó fọwọ́ kan ti ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá ti da ọ́ìlì rẹ̀ nù tán, tí ti òkè wá dípẹtà tó kọ̀ láti tú, ibi tí ọkọ̀ wà náà ló máa wà.